Kí Ni A Fi Ń Wọn Agbára Gírídì? Ìtàn Iná Láti Mànṣẹ́sítà Dé Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í yé dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa nígbàkígbà tí ẹgbẹ́ bá pé jọ. Bí ìròyìn bá ti dé láti ilé pé gírídì tún ti ṣubú, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kan nínú wa á ní mẹ́gáwáàtì ni kò tó. Èkejì á ní kí ìjọba tún kọ́ ilé iṣẹ́ amúnáwá sí i. Ẹ̀kẹta á ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yọ wáyà tirẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí olúkúlùkù máa dá iná tirẹ̀ tàn.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé iye mẹ́gáwáàtì kọ́ ni òṣùwọ̀n agbára gírídì. Gírídì tí ó lágbára ni èyí tí nǹkan kọlù, tí ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ṣùgbọ́n tí kò ṣubú. Ó gba àwọn tí ó ṣáájú wa ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ bí a ti ń wọn irú agbára bẹ́ẹ̀. Apá kan ìtàn náà ṣẹlẹ̀ ní ìlú tí à ń gbé yìí, ó sì kan àwa tí a óò padà sílé lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń dá iná tirẹ̀ tàn

Nígbà tí iná mànàmáná kọ́kọ́ dé Ìlú Ọba, kò sí ohun tí ń jẹ́ gírídì. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń yí ẹ̀rọ tirẹ̀. Mànṣẹ́sítà ní ilé iṣẹ́ amúnáwá tirẹ̀ ní òpópó Dickinson láti ọdún 1893, ìgbìmọ̀ ìlú ló sì ń bójú tó o. Ẹnikẹ́ni kò bìkítà bóyá iná ìlú kan bá ti ìlú kejì mu.

Bẹ́ẹ̀ ni kò bára mu. Iná tí ń gba inú wáyà ilé wa kọjá kì í lọ sí apá kan ṣoṣo. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Iye ìgbà tí ó lọ tí ó sì bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni à ń pè ní fíríkúẹ́ǹsì, Hz ni a sì fi ń kọ òṣùwọ̀n rẹ̀. Ní agbègbè Newcastle, 40 Hz ni wọ́n ń lò. Ní Birmingham, 25 Hz ni. Àwọn ìlú mìíràn ń lo 50 Hz. Àwọn ìlú tí fíríkúẹ́ǹsì wọn kò dọ́gba kò lè so wáyà pọ̀ tààrà, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ onílù méjì tí ìlù wọn kò bára mu kò ti lè jọ lù fún oníjó kan. Bí ẹ̀rọ ìlú kan bá dẹnu kọlẹ̀, inú òkùnkùn ni ará ìlú náà yóò wà, ìbáà jẹ́ pé aládùúgbò wọn ní àṣẹ́kù. Nítorí náà olúkúlùkù ní láti ra ẹ̀rọ àfipamọ́ tí yóò kàn dúró lásán.

Ní ọdún 1926 ni ilé aṣòfin ṣe òfin tí ó dá Central Electricity Board sílẹ̀. Àjọ yìí fa wáyà 132,000 fóòtì káàkiri ilẹ̀ náà, ó sì fi 50 Hz ṣe òfin fún gbogbo ìlú. Nígbà tí ó fi di 1933, iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ṣùgbọ́n agbègbè méje ni wọ́n pín in sí, olúkúlùkù sì ń dá dúró. Ní òru ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1937, àwọn ẹnjiníà tí ń ṣọ́ iná lóru dán an wò. Wọn kò dúró de àṣẹ ọ̀gá. Wọ́n so agbègbè méjèèje pọ̀. Gbogbo ẹ̀rọ náà dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń yí ní ìbámu bí ẹni pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n. Ní ọdún 1938 ni ohun tí wọ́n fi ṣe ìdánwò lóru di ìlànà ojoojúmọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn Òyìnbó yìí náà ti mọ̀ ọ́n.

Aago tí ó tú àṣírí

Ṣùgbọ́n báwo ni a ti ń mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ó so pọ̀ báyìí wà ní àlàáfíà? Amẹ́ríkà ni ìdáhùn àkọ́kọ́ ti wá. Ọ̀gbẹ́ni Henry Warren, ará ìpínlẹ̀ Massachusetts, ṣe aago kan tí iná mànàmáná ń darí. Bí fíríkúẹ́ǹsì bá pé, aago náà á pé. Bí ó bá fà sẹ́yìn, aago náà á pẹ́. Nígbà tí ó rí i pé aago òun kò bá ti ojú ọ̀run mu, ó mọ̀ pé aago kọ́ ló jẹ̀bi, ilé iṣẹ́ iná ni. Ní 1916, ó gbé aago ńlá kan fún ilé iṣẹ́ iná ìlú Boston, wọ́n sì gbà pé fíríkúẹ́ǹsì tí wọ́n rò pé ó dúró gbọn-in ń ṣe ségesège.

Ẹ jẹ́ kí á ronú nípa òkòtó tí a máa ń ta nígbà tí a wà lọ́mọdé. Bí ọwọ́ kò bá kàn án, yóò máa yí. Bí nǹkan bá fara kàn án, eré rẹ̀ á dínkù. Bí gbogbo ẹ̀rọ amúnáwá tí ó wà lórí gírídì kan ti rí nìyẹn. Bí àwọn ènìyàn bá ń lo iná ju èyí tí ẹ̀rọ ń mú wá lọ, gbogbo ẹ̀rọ náà á jọ rọra fà sẹ́yìn, fíríkúẹ́ǹsì á sì wálẹ̀. Bí iná tí wọ́n ń lò bá dínkù lójijì, eré àwọn ẹ̀rọ á pọ̀ sí i, fíríkúẹ́ǹsì á sì gòkè. Nítorí náà fíríkúẹ́ǹsì ni ìṣàn ọwọ́ tí àwọn oníṣègùn gírídì ń tẹ̀ wò.

Nǹkan méjì ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Èkíní ni ibi tí yóò já sí kí ó tó dúró. Èkejì ni bí ó ti yára já tó. Òkòtó tí ó wúwo kì í tètè dúró. Ti fúlẹ́fúlẹ́ ni ìfọwọ́kàn kan ń pa. Bákan náà ni gírídì tí ẹ̀rọ ńláńlá tí ó wúwo pọ̀ lórí rẹ̀: àyè wà fún àwọn tí ń ṣọ́ ọ láti fi iná kún iná kí nǹkan tó bàjẹ́.

Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1990, Ìlú Ọba wo eré bọ́ọ̀lù tí England gbá pẹ̀lú Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì nínú ìdíje àgbáyé. Bí wọ́n ti parí gbígbá pẹnáritì, àwọn ènìyàn dìde lọ gbé omi tíì kaná. Ẹrù tí ó kún gírídì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tó 2,800 MW. Kò sí òkùnkùn, nítorí pé wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti pèsè sílẹ̀. Ibùdó Dinorwig tí ó wà nínú òkè kan ní Wales, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1984, lè tú omi sílẹ̀ kí ó sì mú iná tí ó ju 1,300 MW lọ wá kí ìdajì ìṣẹ́jú kan tó pé. Ẹ fi ìwọ̀n yìí sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Wáyà gígùn àti ọgbọ́n Ferranti

Òṣùwọ̀n kejì ni fóòtéèjì, èyíinì ni agbára tí ń ti iná lọ nínú wáyà. Orúkọ tí kò ṣàjèjì ní agbègbè wa yìí ló so mọ́ ọn. Sebastian Ziani de Ferranti, ọmọ Liverpool, ló ṣètò ilé iṣẹ́ amúnáwá tí wọ́n kọ́ sí Deptford ní Lọ́ńdọ̀nù ní òpin ọdún 1880 sí 1889. Ó fẹ́ fi 10,000 fóòtì rán iná wọ àárín ìlú, ohun tí ẹlòmíràn kà sí ìwà wèrè nígbà náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun àrà kan: nígbà tí àwọn tí ń lo iná kò pọ̀, fóòtéèjì tí ó jáde ní òpin wáyà ju èyí tí wọ́n tì wọlé láti Deptford lọ! Wáyà gígùn fúnra rẹ̀ ló ń fi kún un. Títí di òní, orúkọ Ferranti ni à ń fi pe ohun yìí. Ní 1896 ilé iṣẹ́ Ferranti kó wá sí Hollinwood, ìtòsí Mànṣẹ́sítà. Ilé tí Yunifásítì Mànṣẹ́sítà ti ń ṣe ìdánwò fóòtéèjì gíga lónìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Láti inú irú ẹ̀kọ́ yìí ni a ti mọ ohun tí à ń pè ní gírídì líle àti gírídì aláìlágbára. Bí a bá dé ìlú kan, a lè béèrè pé: bí wáyà méjì bá ṣèèṣì kanra níbí, kọ́rẹ́ǹtì mélòó ni yóò rọ́ wá? Bí ó bá pọ̀, ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ púpọ̀ ló wà nítòsí, tí wáyà tí ó so wọ́n mọ́ ìlú náà sì pọ̀. Ìlú náà fẹ̀yìn ti ògiri. Níbẹ̀, bí ilé iṣẹ́ ńlá kan bá tan ẹ̀rọ rẹ̀, gílóòbù ilé wa kò ní mì. Bí ó bá kéré, ìlú náà kàn rọ̀ mọ́ ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohun díẹ̀ ló sì lè dà á láàmú.

Ìbéèrè pé "bí èyí bá já ńkọ́?"

Òṣùwọ̀n kẹta ló le jù, nítorí pé ìṣirò ni. A kò lè já wáyà kan ní tòótọ́ kí á tó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ní 1929, àwọn onímọ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà kọ́ gírídì kékeré sínú yàrá kan, kí wọ́n lè máa já wáyà rẹ̀ bí ó ti wù wọ́n. Vannevar Bush, tí ìṣòro wáyà iná ti ń dà láàmú níbẹ̀, ṣe ẹ̀rọ oníṣirò kan jáde ní 1931. Douglas Hartree ti Yunifásítì Mànṣẹ́sítà lọ wò ó. Nígbà tí ó dé, òun àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ Arthur Porter fi ohun ìṣeré ọmọdé tí ń jẹ́ Meccano to irú rẹ̀ ní 1934, ó sì ṣiṣẹ́. Ní ọdún kejì, ilé iṣẹ́ Metropolitan-Vickers ní Trafford Park bá wọn kọ́ ojúlówó. Lẹ́yìn ogun, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1948, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Baby ṣiṣẹ́ ní yunifásítì yìí kan náà. Ilé iṣẹ́ Ferranti ló sì kọ́ èyí tí ó tẹ̀lé e, tí wọ́n gbé dé ní 1951.

Ìdí tí ìṣirò fi di ọ̀ranyàn hàn gbangba ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá 1965. Ẹ̀rọ kékeré kan tí ń ṣọ́ wáyà nítòsí Niagara pa wáyà kan tí kò ní àrùn. Ẹrù wáyà náà bọ́ sórí àwọn tó kù, àwọn náà kú tẹ̀léra wọn, bí ènìyàn mílíọ̀nù 30 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà sì wà nínú òkùnkùn. Mẹ́gáwáàtì kọ́ ni wọn kò ní. Kò sí ẹni tí ó ti béèrè pé bí wáyà kan ṣoṣo yìí bá lọ, kí ni yóò tẹ̀lé e.

Láti béèrè irú rẹ̀ lórí gbogbo wáyà, nígbà gbogbo, ìṣirò gbọ́dọ̀ yá. Ní ọdún 1974, Brian Stott àti Ongun Alsaç, tí wọ́n wà ní UMIST nínú ìlú wa yìí, tẹ ọ̀nà ìṣirò kan jáde tí ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kékeré ìgbà náà lè mọ fóòtéèjì ìlú kọ̀ọ̀kan àti ẹrù wáyà kọ̀ọ̀kan kíákíá. Ọ̀nà náà tàn dé ibùdó àkóso iná káàkiri ayé. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń gba iwájú àwọn ilé àtijọ́ òpópó Sackville kọjá, kí á mọ̀ pé ọgbọ́n tí ó jáde níbẹ̀ ti rìn jìnnà.

Ìtàn tiwa

Èkó rí iná mànàmáná láti 1896, kò jìnnà sí ìgbà tí Mànṣẹ́sítà rí tirẹ̀. Àwọn ìlú wa náà dá iná tiwọn tàn fún ìgbà pípẹ́. Àjọ ECN dé ní 1951 láti kó wọn jọ. Ní 1962, wáyà 132,000 fóòtì so ilé iṣẹ́ Ìjọrà ní Èkó mọ́ Ìbàdàn, ìbẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀ nìyẹn. Ní 1968 ni ẹ̀rọ Kainji bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí odò Ọya, wáyà 330,000 fóòtì sì gba Jẹ́bà àti Òṣogbo lọ sí Èkó, ìrìn tí ó ju 400 kìlómítà lọ. Ní 1972 wọ́n pa ECN pọ̀ mọ́ àjọ tí ó kọ́ Kainji, orúkọ tí ó jáde níbẹ̀ ni NEPA tí gbogbo wa mọ̀. Òṣogbo ni wọ́n fi ibùdó àkóso gbogbo gírídì Nàìjíríà sí. Jẹ́bà àti Ẹgbin tẹ̀lé e ní ìdajì àwọn ọdún 1980 sí 1989, Shiroro dé ní 1990. Láti 2007 ni wáyà 330,000 fóòtì sì ti gba Ìkẹjà lọ sí Sakété, láàárín àwọn ará wa ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Ẹ wo bí ìtàn méjèèjì ti jọra tó! Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Gírídì tiwa gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Níbi tí ìlú kan ní Ìlú Ọba ti ní ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin tí iná lè gbà dé, ọ̀pọ̀ ìlú wa ní ọ̀kan. Ní ọ̀nà Jọ́ọ̀sì sí Gòmbè títí dé Màídúgùrì, ohun tí Ferranti rí ní Deptford ń ṣẹlẹ̀: wáyà gùn, ẹrù rẹ̀ fúyẹ́, fóòtéèjì sì ń ga jù, tí ó fi di dandan láti gbé ẹ̀rọ tí yóò máa gbé àlékún náà mì sí Gòmbè. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n ba wáyà tí ó ti Shiroro lọ sí Kàdúná jẹ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Òkè Ọya sì wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nínú oṣù kan náà, gírídì fúnra rẹ̀ ṣubú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Nísinsìnyí, ẹ rántí omi tíì ọdún 1990. Ní 2021, nígbà tí gírídì Nàìjíríà dé ibi tí kò dé rí, díẹ̀ ló fi ju 5,800 MW lọ. Èyí já sí pé ẹrù tí ìdìde àwọn tí ń wo bọ́ọ̀lù gbé lé gírídì Ìlú Ọba lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ohun tí tiwa lè gbé. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní Ẹgbin jẹ́ 220 MW. Bí gírídì wa bá ń gbé 4,000 MW, tí ẹ̀rọ kan yẹn sì kú, ó ju ìdá ogún gbogbo iná lọ. Bí kò bá sí àfipamọ́ tí ń yí sílẹ̀ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, fíríkúẹ́ǹsì á já, ẹ̀rọ kejì á pa ara rẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́, ẹ̀kẹta á tẹ̀lé e. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Òyìnbó kì í rí irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2019, mànàmáná ojú ọ̀run sán, ẹ̀rọ inú òkun ní Hornsea àti ilé iṣẹ́ Little Barford sì kúrò lórí gírídì kan náà. Fíríkúẹ́ǹsì já dé 48.8 Hz. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀ gé iná àwọn oníbàárà tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ, kí ìyókù lè yè. Kí wákàtí kan tó pé, iná ti padà sí gbogbo ilé wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọkọ̀ ojú irin dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gírídì náà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò ṣubú. Ẹ ò rí i pé ìpèsè sílẹ̀ ni ìyàtọ̀?

Ohun tí ó kù fún wa

Ní 2023, àtúnṣe sí òfin ilẹ̀ wa àti òfin iná tuntun fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àyè láti dá iná sílẹ̀, pín in, kí wọ́n sì ṣàkóso rẹ̀. Láti 2024 ni àjọ NERC ti ń fi àbójútó lé wọn lọ́wọ́. Èkìtì, Oǹdó àti Ọ̀yọ́ wà lára àwọn àkọ́kọ́. Inú wa dùn sí i. Ní ọdún 2024 yìí kan náà, ìjọba àpapọ̀ dá NISO sílẹ̀ láti gba àkóso gírídì lọ́wọ́ TCN.

Síbẹ̀, ìtàn ń kì wá nílọ̀. Ìlú Ọba ti dá iná tàn ní ìlú kọ̀ọ̀kan rí, wọ́n sì náwó ńlá kí wọ́n tó lè kúrò níbẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ wa kọ̀ọ̀kan bá fa wáyà tirẹ̀ láìronú ti aládùúgbò, òkòtó fúlẹ́fúlẹ́ púpọ̀ ni a óò ní dípò ọ̀kan tí ó wúwo. Kí ìpínlẹ̀ máa dá iná sílẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́ ọ lọ́nà tí yóò fi lè so mọ́ ẹnìkejì.

Nítorí náà, nígbà tí olóṣèlú kan bá tún kéde mẹ́gáwáàtì fún wa, ìbéèrè mẹ́rin ni kí á bi í. Bí ẹ̀rọ tí ó tóbi jù bá kú lójijì, mélòó ló ń yí sílẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀, ta sì ni ń sanwó fún un? Ibo ni fíríkúẹ́ǹsì máa já sí, ṣé wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ará ìlú lè rí i? Kí ni fóòtéèjì ìlú tí ó wà ní òpin wáyà ní ọ̀sán, kí sì ni lóru? Bí wáyà kan bá já, ta ló ti ṣe ìṣirò rẹ̀ ṣáájú?

Ẹni tí ó ba lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó mọ agbára gírídì rẹ̀. Àwọn tí yóò jókòó ṣe ìṣirò náà ní Òṣogbo, ní Adó-Èkìtì, ní Àkúrẹ́ àti ní Ìbàdàn kò lè ti ibòmíràn wá bí kò ṣe láàárín irú àwa yìí. Hartree fi ohun ìṣeré ọmọdé bẹ̀rẹ̀. A kò lè sọ pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa kéré ju ìyẹn lọ.

Ire o.